Ṣòkòtò Bàbá Àwọn Ọmọ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Yàrá Òkè, Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọmọ ìyá mi tòótọ́,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì tún kí ọ kú ìfojúsọ́nà. Mo mọ̀ pé láti oṣù méjì tí mo ti ń sọ lórí fóònù pé màá kọ̀wé sí ọ, pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ lórí ìdúró lọ, o ti máa pè mí ní onírọ́. Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí obìnrin tó fojú jọ Màmá, tó sì tún fi ẹnu jọ wọ́n? Iṣẹ́ búrẹ́dì ńkọ́? Ṣé ààrò yín ṣì ń jó búrẹ́dì lápá kan, tó ń fi apá kejì sílẹ̀ ní tútù? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ara le, abẹ́rẹ́ ò tíì dá, àwọn oníbàárà ṣì ń gbé aṣọ wá lónìí kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ lánàá. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi, wọ́n rán mi sí ọ ni. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti rán mi, n kò sì tíì jíṣẹ́ náà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ tẹnu mi ná.

O rántí ọjọ́ tí o pè mí nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí o ń sunkún pé omi ti gbé àdúgbò wa lọ, pé o rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ojú ara rẹ? Èmi tí o ń sunkún fún jókòó sórí àga, mo ń ro ibi tí a ó ti rí omi tí a ó fi wẹ̀, nítorí ẹ̀rọ omi wa ò yọ ẹ̀kán kan láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kò sí omi níbí. O ní kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ, pé o rí ṣòkòtò búráùn bàbá àwọn ọmọ tó ń léfòó lọ lójú pópó, èyí tó ní àbùlẹ̀ búlúù nídìí. Ìgbà tí o dárúkọ àbùlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé mi.

Ọdún kejì rèé tí òjò ńlá kan rọ̀ níbí, tí gọ́tà tí onílé kọ̀ láti kó sì kún, tí omi wọ òpópónà wa. Èmi àti Màmá wà ní yàrá òkè. Mo na fóònù jáde lójú fèrèsé, mo ń ya fídíò omi náà. Bí mo ṣe ń yà á ni okùn aṣọ já nísàlẹ̀, ṣòkòtò náà bọ́ sómi, ó kọrí sí ọ̀nà ńlá bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbi ìpàdé. Mo fi igbe ta, "Yéè, ṣòkòtò bàbá àwọn ọmọ mi!" Màmá wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń bú onílé láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo gbé e sí ojú òpó mi lórí ayélujára, àwọn ojúlùmọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Káfíńtà iwájú ilé wa ló bá wa mú ṣòkòtò ní orígun òpópónà, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, bàbá àwọn ọmọ sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, tí n kò ní dárúkọ kí wọ́n má lọ sọ pé mo jí orúkọ wọn, rí fídíò náà. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi. Kí ni wọ́n fẹ́ béèrè fún? Wọ́n gé ogún ìṣẹ́jú-àáyá nínú rẹ̀, wọ́n yọ ohùn èmi àti Màmá kúrò, wọ́n fi orin ọ̀fọ̀ sí i, wọ́n wá lẹ àmì iléeṣẹ́ wọn mọ́ igun kan, àmì tó fẹ̀ ju ṣòkòtò lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní pé "Láti orí ayélujára". Ayélujára ló dúró lójú fèrèsé nínú òjò. Ayélujára ni apá rẹ̀ ro, òun náà ni òtútù mú lọ́jọ́ kejì.

Láti ìgbà náà, kò síbi tí omi ti ya wọlé tí ṣòkòtò yẹn ò débẹ̀. Omi ya ní ìlú kan létí òkun, ṣòkòtò kọjá. Ìsédò já níbì kan lókè ọ̀hún, ṣòkòtò kọjá. Wọ́n pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá ṣàlàyé bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, bó ṣe ń ṣàlàyé ni ṣòkòtò ń lọ lẹ́yìn orí rẹ̀. Káfíńtà kì í kí bàbá àwọn ọmọ ní "ẹ kú iṣẹ́" mọ́, "ẹ kú ìrìn àjò" ló ń kí wọn, ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé wọn. Wọ́n pa ṣòkòtò náà tì. Wọ́n ní àwọn ò lè wọ aṣọ tó gbajúmọ̀ ju àwọn fúnra àwọn lọ. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ìgbà tí Màmá lọ lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. O mọ ìyá rẹ àti fóònù. Bí a bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, wọn á ní àwọn kì í bá irin tàkúrọ̀sọ. Fọ́tò wọn kún ilé, ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè pe èèyàn lórúkọ. Inú fídíò yẹn nìkan ni ohùn wọn wà láyé yìí. Ìwọ tí o ò tètè rí ọkọ̀ wọ̀, tí o dé lẹ́yìn tí a ti sìnkú tán, mo ti pinnu pé màá fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo kàn ń sún un síwájú ni. Kó tó di pé wọ́n lọ, bí ṣòkòtò bá ti kọjá tán ni mo máa ń dá fídíò náà dúró, nítorí ẹ̀rín ni mo ń wá. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ọwọ́ mi ò tilẹ̀ lè ṣí i. Fóònù tí mo fi yà á ńkọ́? Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín. Mo gbé e sórí tábìlì ìlọṣọ, mo da aṣọ oníbàárà bò ó, mo gbàgbé, mo sì gbé áyọ́ọ̀nù tó gbóná janjan lé e títí òórùn fi gba gbogbo ilé. Ó wá ku èyí tó wà lójú òpó mi nìkan.

Nítorí náà, nígbà tí o pè mí tẹkúntẹkún, mo kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò wọn. Mo fọ̀wọ̀ kọ ọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ya nǹkan yìí, ọdún méjì ti kọjá, ẹ yé dẹ́rù ba àbúrò mi. Mo tún pè wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó lóhùn dídùn gbé fóònù, ó ní, "Màdáámù, ohun tó bá ti wà lórí ayélujára, ti gbogbo ayé ni." Mo ní ó dáa, ètò tẹlifíṣọ̀n tiyín tó wà lórí ayélujára ńkọ́, ṣé ti gbogbo ayé ni? Ó ní áà, rárá o, ìyẹn ní òfin.

Ọjọ́ kẹta ni òfin náà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo jí láàárọ̀, mo rí i pé wọ́n ti yọ fídíò mi kúrò lójú òpó mi. Ìwé tí àwọn alámòójútó ojú òpó kọ sí mi sọ pé ti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà ni fídíò yẹn, pé mo lò ó láìgbàṣẹ, kí n sì ṣọ́ra, nítorí bí mo bá tún dán an wò, wọn á ti ojú òpó mi pa. Ọmọ ìyá mi, olè wọlé tọ̀ mí wá, ó bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní kí n jáde kí n má baà jí ẹrù òun. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ti ṣòkòtò ló ń dùn mí. Ohùn Màmá ti lọ nìyẹn, èmi ni mo sì fà á.

Àwọn àgbà ní ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Wọn ò sọ fún wa pé lọ́jọ́ kan náà, olóhun ló máa wọ bọ́ọ̀sì méjì, tí yóò sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà olè láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ká ṣòkòtò náà sínú àpò. Bàbá àwọn ọmọ bẹ̀ mí títí, wọ́n ní, "Ṣé o tún fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ gbé e lọ fún wọn ni?" Mo ní ẹ̀rí ni.

Gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ náà tí wọ́n ní kí n dúró sí mọ́ tónítóní. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé a kò gbọdọ̀ fi fóònù ya ohunkóhun níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Mo rò pé àwàdà ni. Mo gbé fóònù sókè kí n ya àkọlé náà fún ọ, ni ẹ̀ṣọ́ bá fò dìde: "Ẹ gbé e sílẹ̀ o! Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń ya nǹkan onínǹkan ni?" Mo tọrọ àforíjì. Mo bi í níbi tí wọ́n ti ń gbàṣẹ, ó nawọ́ sí ìwé ńlá kan lórí tábìlì, pé ibẹ̀ ni àlejò ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ yà sí. Mo ní ó mà dáa o, n kò rántí ọjọ́ tí wọ́n wá kọ orúkọ tiwọn sílé mi.

Ọ̀sán ti pọ́n kí agbẹjọ́rò wọn tó gbà mí wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ní sùúrù, kóòtù tó wọ̀ sì dára lójú ẹni tí kò bá mọṣẹ́. Èmi rí i pé apá òsì fi ìka kan gùn ju apá ọ̀tún lọ. Ó ní kí ni ẹ̀rí mi. Fóònù tí mo fi yà á dà? Mo sọ ti áyọ́ọ̀nù. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ojú òpó tí mo gbé e sí dà? Mo ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó tún kọ nǹkan sílẹ̀. Mo bá fa ṣòkòtò yọ, mo tẹ́ ẹ sórí àwọn ìwé rẹ̀, mo ní kó ṣí fídíò wọn, kó dá a dúró níbi tí ṣòkòtò ti kọ̀dí sókè. Àbùlẹ̀ búlúù kan náà, igun mẹ́rin, etí rẹ̀ kan wọ́. Mo tún fi ẹsẹ̀ ẹyẹ hàn án, àmì kékeré tí mo máa ń fi òwú rán sí igun gbogbo iṣẹ́ mi. O mọ̀ ọ́n. Màmá ló kọ́ mi, wọ́n ní kí aránṣọ má rán ohunkóhun láìfi àmì ara rẹ̀ sí i.

Agbẹjọ́rò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní, "Èyí fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ṣòkòtò, mà. Kò fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni fídíò." Ìyẹn ni wọ́n rán an lọ kọ́ nílé ìwé, kò sì fi ọjọ́ kan sùn ní kíláàsì.

Ẹnu èyí la wà tí bàbá àgbàlagbà kan fi wọlé, òun ló ń tọ́jú àwọn fídíò wọn ní yàrá ẹ̀yìn. Ìwé kan ló mú wá fún agbẹjọ́rò. Ó gbóhùn mi, ó dúró, ó ń wò mí lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá aláṣọ, ẹ bá mi fi igbe ta pé, 'Yéè, ṣòkòtò bàbá àwọn ọmọ mi!'" Mo wo agbẹjọ́rò, mo wo ṣòkòtò, mo sì ké e pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré jáde láti yàrá tó wà nítòsí. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sáré dé. Bàbá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ohùn yìí ti wà létí òun fún ọdún méjì, nítorí òun ni wọ́n ní kó yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó fi orin sí i.

Mo bi í pé ṣé ohùn tí wọ́n yọ yẹn ṣì wà níbì kan. Ó ní gbogbo rẹ̀ wà ní yàrá òun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbé e síta. Ṣé o rí ayé? Èmi tí mo ni nǹkan sun ún níná, ẹni tó gbé e lọ ló bá mi tọ́jú rẹ̀.

Agbẹjọ́rò yí padà, ó di ọmọlúàbí. Ó tẹ ìwé kan jáde. Wọ́n á fún mi ní ẹ̀dà kan, ọ̀fẹ́ ni, bí mo bá tọwọ́ bọ̀wé pé ti iléeṣẹ́ wọn ni fídíò náà, àti pé àánú ni wọ́n ṣe mí tí wọ́n fi gbà mí láyè láti máa wò ó nílé mi. Ó fún mi ní bírò. N kò ní purọ́ fún ọ, mo gbà á. Ohun tí mo wá nìyẹn, ohùn Màmá, kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀tọ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn wà níwájú mi lórí tábìlì. Mo rántí ọjọ́ tí aránṣọ ńlá kan gbé ẹ̀wù tí Màmá rán kọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ló rán an. Ìwọ kéré nígbà náà, ẹ̀yìn mi lo wà. Màmá wọlé, wọ́n kí gbogbo àwọn oníbàárà, wọ́n yí etí ẹ̀wù náà síta, wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹyẹ hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ sílé. Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní n kò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Agbẹjọ́rò ní ó burú, kò sí ẹ̀dà nìyẹn. Bàbá náà wá ní kò sí òfin tó ní kí n má gbọ́ ọ. Agbẹjọ́rò ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo rò pé ó ń bẹ̀rù kí n má tún fi igbe ta ni.

Yàrá tóóró ni, ó kún fún àpótí. Bàbá náà fún mi ní àga rẹ̀, ó tẹ nǹkan, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ni mo bá gbọ́ Màmá, lẹ́yìn mi gan-an, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní ìránṣọ, tí wọ́n ń gba òwú lọ́wọ́ mi. "Onílé yìí! Bó bá jẹ́ owó ilé ló kún bí gọ́tà yìí, ṣé á jókòó wò ó?" Ṣòkòtò kọjá, mo ké, Màmá sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn yẹn tó máa ń fi ikọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ̀ pátá. Ibẹ̀ ni mo máa ń dá a dúró. Bàbá náà ò dá a dúró. Òjò ń rọ̀ lọ, Màmá wá tún ní, "Fóònù ọwọ́ ẹ yẹn, ṣé omi nìkan ló mọ̀ ọ́n yà ni? Pe àbúrò ẹ. Bi í bóyá òrùlé ẹ̀ yẹn ò jò lé e lórí bẹ́ẹ̀dì." Mo gbọ́ ohùn ara mi tó dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, Màmá." Ó parí síbẹ̀.

N kò pè ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n rán mi. O mọ òrùlé tí wọ́n ń wí, ti yàrá yín, tí o máa ń gbé abọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì bí òjò bá ṣú. Ìwọ ni wọ́n ń rò, èmi sì ń ka iye èèyàn tó rẹ́rìn-ín sí ṣòkòtò. Mo sunkún lórí àga bàbá onífídíò, mo sunkún bí n kò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Nígbà tí mo ń jáde, bàbá náà ki ohun kékeré kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pa á dé. Ó ní, "Ohun tó bá ti wà lórí ayélujára, ti gbogbo ayé ni. Àwọn ọ̀gá wa ló wí bẹ́ẹ̀." N kò dúró bi í léèrè. Mo sáré débi pé mo gbàgbé ṣòkòtò sórí tábìlì agbẹjọ́rò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà wọn dé pé kí n tètè wá kó ẹrù mi, nítorí kò bá ìlànà wọn mu láti tọ́jú ohun ìní ẹlòmíì sọ́dọ̀ wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ kún ìwé ẹ̀sùn tí mo kọ sí àjọ ìjọba tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àjọ náà ti fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn mi, mo sì ń retí wọn.

Wàá rí àpò aṣọ kékeré kan nínú lẹ́tà yìí. Káàdì fóònù tí bàbá onífídíò fún mi, tí odidi fídíò náà wà lórí rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹyẹ sì wà létí àpò náà. Bí o bá rí i pé wọ́n ti tú ẹsẹ̀ ẹyẹ náà, a jẹ́ pé wọ́n ti ṣí i lójú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má baà pè ọ́ lólè, gba èyí pẹ̀lú: Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo dúró lójú fèrèsé tí mo ya fídíò yìí, fún ọ láṣẹ láti máa wò ó, kí o máa gbọ́ ọ, kí o sì fi han ọkọ àti ọmọ, títí ọjọ́ ayé rẹ. Ṣé o rí i? Kò ju ìlà mélòó kan lọ. Odidi iléeṣẹ́ ni wọ́n, wọn ò rí ẹni tó lè bá wọn kọ ọ́ sí mi.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ, kí ẹni tí ẹ jọ ń koná mọ́ ààrò. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n kí yín. Wọ́n ní bí omi bá ya lọ́dọ̀ yín tí ẹ bá rí ṣòkòtò wọn tó ń kọjá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá wọn mú un.

Ó wá ku iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí láti àná, tiyín náà ò ní pẹ́. Màmá ní kí n bi ọ́: òrùlé yẹn, ṣé kò jò lé ọ lórí bẹ́ẹ̀dì? Má kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Pè mí, kí o fi ohùn rẹ sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, màá gbọ́ ọ dé ìparí.

Tìrẹ ni mí, n kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan,

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Aránṣọ.